Ẹ̀rọ Tí Kì Í Pariwo Ló Ṣe Mí Léṣe

Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ti tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tó ń rú èéfín, kò sẹ́ni tí a ń kọ́ kó tó fà sẹ́yìn. Àwọn obìnrin á tú ìborùn sílẹ̀, wọ́n á fi gèlè di irun mọ́rí. Igi la fi ń ti ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ rírin jáde kí a tó yan án ní gàrí, èyí tó kàn dúró jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀, tí kò mu epo, tí kò ní wáyà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là ń jókòó sí jẹun. Ọmọ ọwọ́ ti sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí. Òun ló fọ́ egungun méjì lẹ́sẹ̀ òsì mi, òun ló sì fi àpá sójú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, mo rí ọmọkùnrin kan tó ki páìpù bọ ọ̀pá jáàkì ẹ̀rọ ìtẹ̀, tó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Mo fi igbe ta. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ọdún 2018 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gàrí. Aṣọ ni mo ń tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwìn pa ṣọ́ọ̀bù mi, mo kó àjọ, mo gba ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, mo ní gàrí Ìjẹ̀bú ni n ó máa ṣe. Mo mọ̀ ọ́n mu dáadáa, n ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ ti gbé owó lọ kí n tó dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti ní kí n ṣọ́wó ná.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: irin méjì dúró lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan dábùú nísàlẹ̀, ọ̀kan dábùú lókè. A ó to àpò ẹ̀gẹ́ rírin sáàárín, a ó fi pákó bò ó, a ó gbé jáàkì lé pákó, a ó wá máa fi ọwọ́ tẹ ọ̀pá jáàkì lókè sódò. Jáàkì yóò máa ti irin òkè. Irin òkè kò lè lọ, nítorí náà àpò ni yóò máa rẹlẹ̀, omi yóò sì máa jáde. Jáàkì tí àwọn awakọ̀ ń fi gbé ọkọ̀ láti pààrọ̀ táyà náà ni. Ohun tí n kò rò nígbà náà ni pé irin òkè tí kò lè lọ yẹn, gbogbo agbára tí jáàkì ń fún àpò, òun náà ń gbà á. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan kì í sábà wọn ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Jáàkì tọ́ọ̀nù 20 lè ti irin yẹn bí ẹni pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ju mẹ́wàá lọ rọ̀ mọ́ ọn.

Wẹ́lídà tó ṣe tèmi kò bi mí pé jáàkì tọ́ọ̀nù mélòó ni mo fẹ́ lò. Èmi náà kò mọ̀ pé ó yẹ kó bi mí. Ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tówó ẹ̀ ò ní ga jù ni kẹ́ ẹ bá mi ṣe." Ó sì bá mi ṣe é. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló lò. Ibi tí irin òkè ti pàdé àwọn tó dúró, kò jó o yí ká, ó kàn fi iná tọ́ ọ níhìn-ín tọ́ ọ lọ́hùn-ún, ó wá kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà fàdákà. Ó ń dán yinrin. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Jáàkì tiẹ̀ burú ju irin lọ. Tòkunbọ̀ ni mo rà. Wọ́n ti kùn ún ní pupa tuntun, ọ̀dà ọ̀hún sì ti bo ibi tó yẹ kí wọ́n kọ iye tọ́ọ̀nù rẹ̀ sí. Ẹni tó tà á ní tọ́ọ̀nù 20 ni, mo gbà bẹ́ẹ̀. Títí dòní n kò mọ ohun tí mo rà.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà fàdákà bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Omi ẹ̀gẹ́ kan, gbogbo wa la mọ̀, òun ló ń fún gàrí Ìjẹ̀bú ládùn. Kíkan yẹn kan náà ló ń jẹ irin. Ó kọ́kọ́ jẹ ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí, ó wá jẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Bí irin ṣe ń dógùn-ún ni ẹ̀gbẹ́ àpò ń pọ́n, tí gàrí tó wà létí àpò sì ń ṣú díẹ̀. Mo ra ọ̀dà, mo tún un kùn. Oṣù méjì, ó bó. Mo tún kùn ún. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé èérún ọ̀dà yẹn, inú gàrí tí èèyàn ń jẹ ni ó ń bọ́ sí. Mo ń sọ fún ara mi pé mò ń tọ́jú ẹ̀rọ ni, àmọ́ ojú ẹ̀rí ni mò ń bò: lábẹ́ ọ̀dà kẹta yẹn ni irin ti sán, tí n kò rí i.

Lẹ́yìn náà ló kan ọ́ìlì. Oníbàárà mi kan láti Èkó pè mí, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o, gàrí tí mo gbé lọ́jọ́sí ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì." Mo fẹ́ bínú. Mo lọ gbóòórùn àpò tó kù, òótọ́ ló sọ. Orí àpò ni jáàkì ń jókòó sí, ó ń jò díẹ̀díẹ̀, pákó ń mu ọ́ìlì, pákó sì ń fún àpò mu. Mo da àpò mẹ́ta nù lọ́jọ́ náà, mo sunkún bí mo ṣe ń dà á nù. Èyí tí mo ti tà ṣáájú, n kò rí i dá padà.

Dípò kí n ra jáàkì tuntun, mo ránṣẹ́ pe ọmọ mẹkáníìkì tó wà lójú títì. Ó ní ọ́ìlì ló ti tán nínú rẹ̀, ó rọ ọ́ìlì bíréèkì sí i nítorí òun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jáàkì ṣiṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan bí ẹṣin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, a bá tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti rọ̀ padà sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wẹ́lídà àgbà kan ṣàlàyé fún mi pé ọ́ìlì bíréèkì kì í bá irú róbà tó wà nínú ọ̀pọ̀ jáàkì rẹ́, ó máa ń mú un wú, á sì rà. Ọ́ìlì jáàkì yàtọ̀, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó àpò gàrí kan nínú mẹ́ta tí mo dà nù.

Ìgbà tó ń jò yẹn, èmi fúnra mi a máa fi ìka tọ ara jáàkì kiri láti mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde, nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀. Dókítà tó wo ẹsẹ̀ mi nígbà tó yá fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo mọ́ mi nígbà tí mo sọ èyí. Ó ní bí ihò bá rí tíń-ń-rín bí ojú abẹ́rẹ́, tí agbára púpọ̀ sì wà lẹ́yìn ọ́ìlì, ọ́ìlì lè gún awọ wọlé. Ojú ọgbẹ́ á kéré, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ dunni níbẹ̀rẹ̀, èèyàn á fi omi ṣan án, á máa bá iṣẹ́ lọ, ọ́ìlì á sì ti máa ba ẹran ara jẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Bí wọn kò bá tètè là á, ìka lè lọ. Páálí ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò, kì í ṣe ọwọ́, ẹ sì kọ́kọ́ tú jáàkì sílẹ̀ ná. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ kéré bí ẹ̀ẹ̀fọn jẹ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Páìpù ló kù. Èmi ni mo mú páìpù wọ ibùdó náà, n kò lè di í ru ẹnikẹ́ni. Ọ̀pá jáàkì kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan àti ààbọ̀ lọ, bó bá ti le dé ibì kan, apá obìnrin kò ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo rí páìpù omi kan nílẹ̀, mo kì í bọ ọ̀pá, ó gùn ju mí lọ. Hà! Ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa yọ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọ̀pá náà kúrú ni. Nígbà tí apá rẹ bá kọ̀, jáàkì ń sọ fún ọ pé ó tó. Mo fi páìpù di í lẹ́nu.

Màmá àgbà tó ń bá mi yan gàrí kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó ní òkúta làwọn ń gbé lé àpò nígbà tiwọn, tàbí kí àwọn fi igi méjì há a, kí àwọn fi okùn dì í, kí àwọn máa fún okùn náà le láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọjà ló ń lé mi, màmá.

Oṣù Keje ọdún 2021. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ ìgbà òjò sì lómi púpọ̀. Ọkọ̀ Èkó ń bọ̀ ní ìdájí. Àpò mẹ́rin la máa ń tò, mo ní kí a to mẹ́fà. Òkìtì náà fì sápá kan díẹ̀. Mo rí i, mo fi ọwọ́ tì í, mo ní yóò jókòó bó bá gba agbára. Nígbà tí àpò kọ́kọ́ rẹlẹ̀, jáàkì ti ga dé òpin rẹ̀, kò tíì tẹ̀ ẹ́ tó. Nítorí náà a tú u, a to pákó mẹ́ta sí i lábẹ́ rẹ̀ lérí ara wọn láti gbé e ga. Pákó náà tutù, omi ẹ̀gẹ́ mú kí wọ́n máa yọ̀ bí ilá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lódìkejì, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi sí kòtò. Ó wá lo ìsinmi poli lọ́dọ̀ mi ni. Mo tẹ páìpù. Mo gbọ́ ohùn kan, "ká!", bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Mo dúró. Mo wo òkè. N kò rí nǹkan kan. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, kí nìyẹn?" Mo ní kò sí nǹkan. Mo sì tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i yẹn ni mo ń rí lójú oorun. N kò rí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ó yá ju ojú lọ. Ibi tí wọ́n ti jó irin òkè mọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún ya, irin náà gbé apá kan sókè, jáàkì fì, pákó méjì ta jáde bí òkúta kànnàkànnà. Ọ̀kan dá páànù ògiri lu. Ìkejì ha ọmọ náà lókè ìpéǹpéjú. Jáàkì fúnra rẹ̀ já bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Sálúbàtà ni mo wọ̀.

Wọ́n rán ojú rẹ̀ ní ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin, wọ́n gún àwa méjèèjì ní abẹ́rẹ́ tẹ́táńọ́ọ̀sì, wọ́n fi POP sí ẹsẹ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Dókítà ní bí pákó náà bá wálẹ̀ díẹ̀ sí i, ojú ọ̀hún ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní ìrọ̀lẹ́. N ì bá fẹ́ kó na mí. Kò pariwo rárá. Ó jókòó tì mí, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti ṣe báyìí rí?" Mo ní rárá. Màmá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó gbé ojú kúrò. Ó gbà mí ju oṣù méjì lọ kí n tó lè pe ẹ̀gbọ́n mi kí n sọ nípa ọ̀dà, àti nípa ohùn "ká" yẹn. Ó ní òun ti mọ̀, ọmọ ti sọ fún òun. Ó ń dúró de ẹnu mi ni.

Lórí ibùsùn yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀gẹ́ níbòmíràn. A mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, àwọn Potogí ló kó o wá láti Brazil. Àwọn onílẹ̀ ní Amazon lọ́hùn-ún ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní tipiti: apẹ̀rẹ̀ gígùn tí wọ́n hun bí ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n á rọ ẹ̀gẹ́ rírin kún inú rẹ̀, wọ́n á fi kọ́ igi, wọ́n á fa ìdí rẹ̀ wálẹ̀, á gùn, á tín-ín-rín, omi á máa ṣàn jáde. Bó bá já, apẹ̀rẹ̀ ló já. Mo ronú nípa ìyẹn púpọ̀. N kò sọ pé kí a padà sídìí okùn àti òkúta o. Gàrí tí mò ń tà pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Àmọ́ nǹkan tó dùn mí jù nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni pé agbára tí mo fi páìpù wá kò wúlò fún nǹkan kan. Omi nílò àkókò kó tó rí ọ̀nà jáde láàárín ẹ̀gẹ́. Bí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ lójijì, etí àpò á le koránkorán, á dí ọ̀nà mọ́ omi àárín, tàbí kí àpò bẹ́. Bó bá sì gbẹ jù, gàrí kò ní ṣẹ́ wóró nínú agbada, á kàn dà bí ìyẹ̀fun. Ní báyìí, a ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn, bí omi bá ti ń kán dípò kó máa ṣàn, a ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú kúkú ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó lè kan dáadáa. Kí ni mò ń sáré fún?

Wẹ́lídà kejì, bàbá àgbàlagbà, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni tọ́ọ̀nù jáàkì. Mo ti ra tuntun nígbà náà, tọ́ọ̀nù 10, ó sì tó wa. Irin tó nípọn, tó ní etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ló fi ṣe ti òkè. Kò sì gbà kí iná nìkan dì í mú: ó ṣe èékánná irin sára àwọn tó dúró, kí irin òkè wà lábẹ́ wọn, kó lè jẹ́ pé bí ojú ibi tó jó bá tilẹ̀ sán, irin ṣì ti há. Ó jó òrùka kan mọ́ ibi tí orí jáàkì ń kàn kó má baà yọ̀. Ó fi ṣéènì kúkúrú so jáàkì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Èmi ni mo ní kó ṣe àwo irin tó ní etí sábẹ́ jáàkì, kí ọ́ìlì tó bá jò má dé orí àpò. Kò sí pákó tò-lé-ra-wọn mọ́, ègé igi apá kan ṣoṣo tó nípọn ni. Irin tí kì í dógùn-ún wọ́n gan-an, nítorí náà ibi tó ń kan àpò nìkan la lò ó sí. Ìyókù, a ń fi omi tó mọ́ ṣan án nírọ̀lẹ́, a ń nù ún gbẹ. N kò kùn ún. Bó bá máa sán, kí n rí i.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ onísíkúrù dára ju ti jáàkì lọ nítorí kò ní ọ́ìlì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ń lò ó, eyín síkúrù rẹ̀ ti jẹ bí ìyarun ògbó, ó sì ń sọ pé ó kàn ń mì díẹ̀ ni. Mo mọ ohùn yẹn.

Bàbá wẹ́lídà yẹn ló kọ́ mi bí a ṣe ń na okùn láti fi yẹ irin wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí a tó gbé àpò kankan sí i, a ó na òwú bíríkìlà láti etí kan irin òkè dé etí kejì, kó le pinpin. Bí irin bá ṣì tọ́, òwú á fara mọ́ ọn látòkèdélẹ̀. Bí àyè bá wà láàárín wọn nígbà tí ẹrù kankan kò sí lórí rẹ̀, irin ti tẹ̀, kò sì ní tọ́ mọ́. Mo lọ na òwú sí irin ògbólógbòó tó fọ́ mi lẹ́sẹ̀, tó wà lẹ́yìn ilé tí adìẹ ń sùn lé lórí. Ìka mẹ́ta wọ àárín wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti jáde poli. Ó wá kí mi lọ́dún tó kọjá, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà náà. Àpá ojú rẹ̀ ti parẹ́ díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibùdó, kò wọlé, ó ń wo ẹ̀rọ tuntun náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbé àpò bọ̀.

Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti na okùn lónìí?"

Wọn kò tíì nà án. Mo ní kí wọ́n sọ àpò kalẹ̀.